Èdè Ìpàṣẹ àti Ìlànà Iṣẹ́: Èwo ni Ó Ń Gbé Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Ró?

1. Ìfáàrà

Níbikíbi tí àwọn tí ó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà bá ti péjọ, yálà ní Ọbaníkòró ni, tàbí ní Yábàá, tàbí ní ọgbà Yunifásítì Èkó ní Akọkà, àríyànjiyàn kan kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹnì kan yóò ní Python ni èdè tí ó dára jù lọ. Ẹlòmíràn yóò ní Java ni. Ẹnì kẹta yóò búra pé ẹni tí kò bá mọ Rust kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wádìí ìbéèrè tí ó wà ní ìdí àríyànjiyàn náà: ṣé èdè tí a fi kọ iṣẹ́ ni ó ń mú kí iṣẹ́ náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àbí ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé? A ó kọ́kọ́ dábàá èdè-ìperí tí a ó lò. A ó ṣe àlàyé ohun tí èdè lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà ni a ó wá wo ìlànà iṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọmọ 206,610 ní agbègbè Èkó nìkan ni a ní kí wọ́n tún ìdánwò àṣewọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe nítorí àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ìsàlẹ̀.

2. Èdè-ìperí tí a ó lò

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lọ́wọ́, ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi ìtumọ̀ lé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

(i) Ọ̀wọ́-àṣẹ: Kọ̀ǹpútà kì í dá ohunkóhun ṣe. Àṣẹ ni a ń pa fún un, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Gbogbo àṣẹ tí a tò pọ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan ni a pè ní ọ̀wọ́-àṣẹ.

(ii) Èdè ìpàṣẹ: Èyí ni èdè tí a fi ń kọ ọ̀wọ́-àṣẹ. Ó ní gírámà tirẹ̀, ó sì le ju gírámà èdè ènìyàn lọ ní ọ̀nà kan: bí a bá fo àmì kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà kò ní í fi ọgbọ́n orí mọ ohun tí a ní lọ́kàn.

(iii) Òǹkọ-àṣẹ: Ẹni tí ó ń kọ ọ̀wọ́-àṣẹ ni èyí. A mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ‘olùkọ-àṣẹ’ nítorí pé ohùn kan ṣoṣo ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ‘olùkọ́’, òǹkàwé sì lè ṣì í kà. Àwòṣe ‘òǹkọ̀wé’ ni a tẹ̀ lé.

(iv) Atúmọ̀-odindi àti ògbufọ̀: Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè ìpàṣẹ ní tààrà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Nínú èkíní, a ó túmọ̀ ọ̀wọ́-àṣẹ látòkè délẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Atúmọ̀-odindi ni a pe èyí. Nínú èkejì, a ó máa túmọ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀ inú ilé ìjọsìn ti í tẹ̀ lé oníwàásù ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ògbufọ̀. A kàn fún un ní iṣẹ́ tuntun ni.

(v) Ẹ̀yà-iye: Ohun tí a fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ nọ́ńbà, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ oṣù. Irú tí ohun náà jẹ́ ni ẹ̀yà-iye rẹ̀.

(vi) Àkúnwọ́sílẹ̀: Bí nọ́ńbà bá tóbi ju àyè tí a pèsè fún un lọ, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni èyí, gẹ́gẹ́ bí omi tí ó kún inú garawa jù.

3. Ohun tí èdè lè ṣe

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn òǹkọ-àṣẹ ń kọ iṣẹ́ wọn ní èdè tí ó sún mọ́ ti ẹ̀rọ gan-an, iṣẹ́ náà sì le púpọ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé FORTRAN jáde ní ọdún 1957, ènìyàn lè kọ ìṣirò ní ọ̀nà tí ó fi ara jọ bí a ti ń kọ ọ́ nínú ìwé ìṣirò. C dé ní ọdún 1972, Python ní 1991, Java àti JavaScript ní 1995. Rust sì di ohun tí a kéde pé ó pé ní ọdún 2015. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn èdè wọ̀nyí ni ó ní irú àṣìṣe tí ó ń dènà, àti irú èyí tí ó ń jẹ́ kí ó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ méjì ṣe àlàyé. Kí á sọ pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Bàrígà ń fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pa owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mọ́. Òǹkọ-àṣẹ wọn pinnu láti fi owó pamọ́ ní kọ́bọ̀, ó sì lo ẹ̀yà nọ́ńbà odidi tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú Java. Nọ́ńbà tí ó tóbi jù tí ẹ̀yà yìí lè gbà ni 2,147,483,647. Bí a bá yí i padà sí náírà, ₦21,474,836.47 ni. Lọ́jọ́ tí owó ẹgbẹ́ bá fi kọ́bọ̀ kan ṣoṣo kọjá iye yìí, Java kò ní í pariwo. Yóò kàn kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ jẹ gbèsè tí ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún náírà. Bí ó bá jẹ́ Python ni a fi kọ ọ́, nọ́ńbà náà yóò máa gbòòrò sí i bí owó bá ti ń pọ̀ tó. Bí ó bá jẹ́ Rust ni, iṣẹ́ yóò dúró gbọnin nígbà tí a bá ń dán an wò. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀dà tí a gbé fún àwọn oníbàárà, bí a kò bá sọ pé kí ó máa ṣọ́ ọ, Rust náà yóò gbà á kọjá.

Àpẹẹrẹ kejì kan èdè tiwa gan-an. Nínú ètò Unicode, èyí tí gbogbo ayé fi ń kọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, a ní ‘ọ’ gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò sí àmì kan ṣoṣo fún ‘ọ̀’. ‘Ọ’ àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni a ń so pọ̀. A sì tún lè fi ‘o’ lásán, ẹ̀kán ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn kọ ọ́. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Bí a bá ka iye àmì tí ó wà nínú ‘ọ̀’ pẹ̀lú Python tàbí JavaScript, méjì ni wọn yóò pè é, tàbí mẹ́ta. Swift yóò pè é ní ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀ṣọ́ lè dé ilé ìfowópamọ́, kí a sì sọ fún un pé a kò rí orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà wà níbẹ̀ rekete.

Kò tọ́, nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí ohun tí ó kan èdè. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Microsoft sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àbùkù ààbò tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún ni ó ti inú àṣìlò àyè ìrántí kọ̀ǹpútà wá, irú èyí tí C àti C++ ń gbà láàyè. Ilé-iṣẹ́ Google náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Rust àti àwọn èdè mìíràn tí ó ń dáàbò bo àyè ìrántí kọ àwọn apá tuntun nínú Android. Irú àbùkù bẹ́ẹ̀ sì dínkù láti ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2019 sí ìdá 24 ní ọdún 2024. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀: èdè tí ó yẹ iṣẹ́ ṣe pàtàkì.

4. Ohun tí èdè kò lè ṣe

Àmọ́ ṣá o, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù ta ọkọ̀ òfurufú Ariane 5 sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou ní Guyana ti ilẹ̀ Faransé. Kò pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 tí ó fi yà kúrò lójú ọ̀nà, tí ó sì fọ́ yángá. Ada ni èdè tí a fi kọ iṣẹ́ náà. Ada kì í ṣe èdè yẹpẹrẹ. Nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ gan-an ni a ṣe dá a sílẹ̀, ó sì le gan-an lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà-iye.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ mú ọ̀wọ́-àṣẹ kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáradára nínú Ariane 4, wọ́n sì gbé e sínú Ariane 5 bí ó ti wà. Ọkọ̀ tuntun ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kan tí kò tóbi rí nínú Ariane 4 wá tóbi ju 32,767 lọ, èyí tí í ṣe òpin àyè tí a pèsè fún un. Àkúnwọ́sílẹ̀ dé. Ada kígbe gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kò pèsè ẹni tí yóò dáhùn sí igbe yẹn, nítorí wọ́n ti rò pé nọ́ńbà náà kò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Kọ̀ǹpútà kejì tí ó yẹ kí ó gba iṣẹ́ ṣe náà ti kú ṣáájú, nítorí ọ̀wọ́-àṣẹ kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó dunni jù ni pé apá iṣẹ́ náà kò wúlò mọ́ rárá lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbéra. Ẹnikẹ́ni kò sì fi ìrìn Ariane 5 gan-an dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé. Láti ọdún 2015 ni ìdánwò JAMB ti di ohun tí gbogbo ọmọ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Fún ìdánwò ti ọdún 2025, àjọ náà ṣe àyípadà kan: wọ́n tú ètò àwọn ìbéèrè àti ti àwọn ìdáhùn tí a ń yàn ká, kí ìtò wọn má baà bára mu láti ọwọ́ ọmọ kan sí òmíràn, wọ́n sì tún ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìdíyelé ìdáhùn ṣe. Àwọn ẹ̀rọ apèsè tí ó ń sin ọ̀wọ́ tí a pè ní Kàdúná gba àtúnṣe náà. Àwọn tí ó ń sin Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn kò gbà á tán. Ọmọ yan ìdáhùn tí ó tọ́, ẹ̀rọ sì kà á sí èyí tí kò tọ́. Nígbà tí èsì jáde, ó ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọmọ lọ tí kò tó máàkì 200 nínú 400.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, akọ̀wé àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó gbà pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀, ó sì sunkún ní gbangba. Ibùdó 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 65 ní agbègbè Èkó, 92 ní agbègbè Òwèrrì. Ọmọ 379,997 ni a pè padà láti tún ìdánwò ṣe. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni ilé kan wà. Òbí ti bínú sí ọmọ. Ọmọ ti fi ẹ̀bi kan ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ti sọ̀rètí nù pátápátá.

Nísinsìnyí, èdè ìpàṣẹ wo ni ì bá gba àwọn ọmọ yìí? Kò sí. Kò sí èdè kan lábẹ́ ọ̀run tí ó lè sọ fún òǹkọ-àṣẹ pé ẹ̀rọ kan ní ìlú mìíràn kò tíì gba àtúnṣe tí ó kọ. Iṣẹ́ ènìyàn ni èyí, iṣẹ́ ìlànà ni.

5. Ẹ̀kọ́ láti ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú

Kò yẹ kí ìlànà yìí ṣe àjèjì sí ará Ọbaníkòró. Ẹni tí ó bá ti títì Ìkòròdú yà wọ inú Ṣómólú yóò gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn atẹ̀wé náà máa ń jiyàn lórí ẹ̀rọ tiwọn: èyí ní Heidelberg tuntun kò lẹ́gbẹ́, ìyẹn ní Kord àtijọ́ lówó lórí jù. Ṣùgbọ́n atẹ̀wé tí ó gbọ́n mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ orí ẹ̀rọ. Ṣáájú kí ó tó gbé pléètì sórí ẹ̀rọ, yóò tẹ ìwé kan ṣoṣo jáde, yóò kà á, yóò fún oníbàárà kà, oníbàárà yóò sì fọwọ́ sí i. Bí a bá kọ ọjọ́ 12 dípò ọjọ́ 21 sórí ìwé ìpè ìgbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i, Heidelberg yóò tẹ àṣìṣe náà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ní àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì dán gbinrin.

Bákan náà, bí ẹ̀rọ méjì bá ń tẹ ìwé kan náà, tí a sì tún ojú ewé kan ṣe, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pléètì lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Bí a bá pààrọ̀ ti ọ̀kan, tí a fi ti àtijọ́ sílẹ̀ lórí èkejì, ìdajì ìwé yóò tọ́, ìdajì yóò ṣìnà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìdánwò ọdún 2025 gan-an nìyí.

6. Ìlànà iṣẹ́

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1968, àwọn onímọ̀ péjọ sí Garmisch ní Jámánì láti jíròrò ìdí tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń pẹ́, tí ó ń gbówó jù, tí kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n dábàá pé kí á máa ṣe é bí ẹnjiníà ti ń ṣe afárá. Nínú ohun tí ó ti jáde láti ìgbà náà, márùn-ún ni a rò pé kò ṣeé fojú fò.

Èkíní ni ìtàn-àtúnṣe. Gbogbo àyípadà gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀: ta ni ó ṣe é, nígbà wo, nítorí kí ni. Èyí kò gba kí á dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gba kí á lè padà sẹ́yìn bí ilẹ̀ bá mọ́ tí nǹkan ti bàjẹ́.

Èkejì ni ojú-kejì. Ẹni tí ó kọ ọ̀wọ́-àṣẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni kan ṣoṣo tí yóò kà á. Ohun tí ojú òǹkọ̀wé ti mọ́ lára, ojú ẹlòmíràn ni yóò rí i.

Ẹ̀kẹta ni ìdánwò. Kí á má fi nọ́ńbà kékeré nìkan dán iṣẹ́ wò. Kí á fi èyí tí ó wà ní bèbè òpin dán an wò, kí á sì fi orúkọ tí ó ní àmì ohùn àti ẹ̀kán dán an wò. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Síbẹ̀, kí á rántí ohun tí Edsger Dijkstra kọ́ wa: ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, kò lè fi hàn láé pé kò sí.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbékalẹ̀ létòlétò. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí á bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan léèrè ẹ̀dà tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ìdáhùn wọn kò bá ṣọ̀kan, kí iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò yìí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni kí á ní ìgboyà láti dúró. Bí èsì bá ṣe àjèjì, kí á wádìí rẹ̀ ṣáájú kí á tó kéde rẹ̀. Èsì tí ó wá láti ibùdó Èkó yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ìyàtọ̀ náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pe àkíyèsí.

7. Báwo ni kí á ṣe yan èdè?

Kì í ṣe pé kí á yan èdè bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí á bi ara wa. Irú àṣìṣe wo ni ó lè pa oníbàárà wa lára jù, èdè wo ni ó sì ń dènà rẹ̀? Ta ni yóò máa tọ́jú iṣẹ́ náà lẹ́yìn wa, ṣé ó sì gbọ́ èdè náà? Irú ẹ̀rọ wo ni iṣẹ́ náà yóò wà lórí rẹ̀? Ǹjẹ́ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe ní èdè náà, tí a lè yá lò, pọ̀ tó? Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Bàrígà tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan lè lo Java láìséwu, bí òǹkọ-àṣẹ wọn bá lo ẹ̀yà nọ́ńbà tí ó gùn jù, tí ó sì dán bèbè òpin wò. Wọ́n sì lè lo Python kí wọ́n jìn sí ọ̀fìn mìíràn: bí wọ́n bá fi náírà pamọ́ ní nọ́ńbà onídẹ́símà, 0.1 àti 0.2 yóò fún wọn ní 0.30000000000000004. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á máa ka owó ní kọ́bọ̀.

Ní ọdún 1986, Frederick Brooks jiyàn pé kò sí irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò sọ iṣẹ́ yìí dàrọ̀rùn ní ìlọ́po mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ìṣòro tí ó le jù wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yanjú, kò sí nínú èdè tí a fi ń sọ ọ́. Ọjà iṣẹ́ náà ti fi èyí hàn. Andela, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, tí ó sì ti ní ọgbà kan rí ní títì Ìkòròdú ní Ìlúpéjú, ní ìtòsí Ọbaníkòró, kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ó kéde pé nǹkan bí 400 òǹkọ-àṣẹ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ni ọ̀rọ̀ ìdádúró lè kàn, nítorí pé àwọn onírìírí ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Àwọn ọ̀dọ́ náà gbọ́ èdè. Ìrírí ni ọjà ń wá. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

8. Ìkádìí

Ohun tí a ti gbìyànjú láti fi hàn ni pé èdè ìpàṣẹ àti ìlànà iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Èdè tí ó dára jẹ́ ìlànà tí a ti kọ sínú irinṣẹ́: ó ń rántí ohun tí ènìyàn máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò kọ sínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa tí a ń lò ó. Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. A fara mọ́ ọn, bí iyán bá ṣáà jinná, tí ẹnì kan sì ti tọ́ ọbẹ̀ wò kí á tó gbé e síwájú àlejò.

Fún àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Ṣómólú, Bàrígà àti Akọkà, àbá wa ni pé kí ìtàn-àtúnṣe, ojú-kejì àti ìdánwò wà lára ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gbọ́ èdè mẹ́ta. Ọmọ tí yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ṣe ìdánwò lọ́dún tí ń bọ̀ kò ní í béèrè èdè tí a fi kọ ọ́. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ìdáhùn tí ó tọ́ tí ó yàn jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ yóò kà fún un.